Ọmọ Inú Ìwé 1986

Ní ìparí ọdún 1986, àwọn òṣìṣẹ́ kan gbé ìwé ìbéèrè sábẹ́ abíyá, wọ́n ń wọ ilé dé ilé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti September títí wọ January ọdún tí ó tẹ̀lé e. Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ wa nígbà náà. Obìnrin tí ó lé ní 4,000 ni wọ́n jókòó tì, láti ẹni ọdún 15 sí ẹni ọdún 49. Ọmọ mélòó lẹ ti bí? Mélòó ló wà láàyè? Mélòó ló ti lọ? Ta ló gbẹ̀bí yín? Ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́? Nínú ìwádìí ìlera tí gbogbo ayé mọ̀ sí DHS, èyí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Nàìjíríà. Ti gbogbo orílẹ̀-èdè kò wáyé títí di 1990. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, wọn kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Kánò. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí a jẹ́ ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà ni ọmọ inú ìwé náà. A kò mọ̀. Àwọn kan nínú wa wà lẹ́yìn ìyá wọn lọ́jọ́ tí àlejò náà wọlé, àwọn kan ń rá, àwọn kan ti ń yí táyà kiri àdúgbò. Wọ́n gbé àwọn kékeré inú wa lé òṣùwọ̀n, wọ́n wọn bí wọ́n ṣe ga tó, ìyá wa sì kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí àkọ́bí. Kì í ṣe gbogbo ìyá ni wọ́n bi léèrè o. Ẹni tí wọ́n bi ló dúró fún ẹni tí wọn kò bi, bí ẹni tí ó fi ṣíbí kan bu ọbẹ̀ tọ́ wò kí ó lè mọ bí iyọ̀ inú gbogbo ìkòkò ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wa lódindi ló wà nínú ìwé yẹn: àwa tí a wà láàyè, àti àwọn tí ìbá jẹ́ ẹgbẹ́ wa tí wọn kò dúró.

Ọdún náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọdún kékeré. Ọdún yẹn ni ìjọba ológun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí wọ́n sì pa Bọ́ọ̀dù Kòkó rẹ́. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí kòkó ti jẹ́ owó ilé ìwé, owó ìgbéyàwó àti owó páànù, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Owó kòkó fò sókè. Ẹni tí ó ní oko lọ́nà Oda ní Àkúrẹ́, tàbí ní ìgbèríko Oǹdó, rí owó tí kò rí rí. Náírà sì wó lulẹ̀ ní àsìkò kan náà, tí owó oṣù tíṣà kò lè ra ìdajì ohun tí ó ń rà tẹ́lẹ̀. Nínú agbo ilé kan náà ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀: bàbá àgbà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ láti oko, bàbá tí ó jẹ́ tíṣà ń fi ojú alẹ́ ṣírò gbèsè. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, kí olùkọ́ kankan tó wá kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó fún wa. A rí i pé àṣẹ kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ ìjọba lè gbé ọmọ ìyá kan ga, kí ó sọ èkejì kalẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì padà wá béèrè pé báwo ló ṣe rí nílé yín.

Nígbà tí a dàgbà, a wọ yunifásítì. Àwọn kan lọ sí FUTA tó wà nílé, àwọn kan lọ sí Àkùngbá, Ifẹ̀, Ìbàdàn. Ìyanṣẹ́lódì sọ ọdún mẹ́rin di mẹ́fà fún ọ̀pọ̀ wa. Ẹni tí ó ka ọrọ̀ ajé wà nínú wa, ẹni tí ó ka ọrọ̀ ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nínú wa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ka ìṣirò àti ìlera ìlú. Iṣẹ́ tí a bá ara wa nídìí rẹ̀ kò ní orúkọ tí ó jókòó dáadáa lédè Yorùbá. Bí wọ́n bá bi ìyá wa léèrè, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Ó máa ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, kí ìjọba lè mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe." Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé láti ìgbà náà, n kò tíì rí ìtumọ̀ tí ó dára ju ti ìyá wa lọ.

Àkọlé ìwé kan wà tí kò kúrò lọ́kàn wa. Wolfgang Stolper, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wá láti Amẹ́ríkà, ló darí ẹ̀ka tí ń ṣètò ọrọ̀ ajé fún ìjọba àpapọ̀ láàárín 1960 sí 1962. Nígbà tí ó padà sílé, ó kọ ìwé kan jáde ní 1966, ó pè é ní Planning Without Facts. Ohun tí ó ń sọ ni pé a ń gbèrò ìlú láìní òkodoro lọ́wọ́. A rò nígbà náà pé kò sẹ́ni tí ó gbìyànjú rí ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí i, Galletti, Baldwin àti ọmọ wa kan, I. O. Dina, ti tọ àwọn ìdílé àgbẹ̀ kòkó lọ nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sílẹ̀, wọ́n kọ gbèsè, wọ́n kọ oúnjẹ, wọ́n sì tẹ ìwé wọn jáde ní 1956. Lẹ́yìn wọn ni Sara Berry wá sí àwọn abúlé kòkó Oǹdó, Ifẹ̀ àti Ìbàdàn. Ìwé tirẹ̀ jáde ní 1975. A ka ìwé wọ̀nyí, a sì bá bàbá àgbà wa pàdé nínú wọn. Kì í ṣe ará oko tí kò mọ nǹkan kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìṣirò ni, tí ó ń yáwó ní mímọ ìdí tí ó fi ń yá a, tí ó ń rán ọmọ nílé ìwé bí ẹni ń gbin kòkó sílẹ̀ de ọdún márùn-ún òní. Ó dùn mọ́ wa. Ó tún dùn wá, nítorí pé èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, orí pẹpẹ láíbìrì ló wà, n kò sì tíì pàdé àgbẹ̀ kan tí ó sọ pé ẹnìkan wá ka ohun tí wọ́n bá nílé òun fún òun.

Nǹkan mìíràn tún wà tí a kà. Ní September 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ti Awólọ́wọ̀ ti wà láti 1955, èyí tí Adékúnlé Ajáṣin ọmọ Ọ̀wọ̀ kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú wọn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Una Osili àti Bridget Terry Long, fi ibi tí ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé ìwé sí wé ibi bíi tiwa tí ó ti ní i tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí i pé ọdún kan sí i nílé ìwé ń dín ọmọ tí obìnrin máa bí kí ó tó pé ọdún 25 kù pẹ̀lú 0.26. Èyí ni pé bí obìnrin mẹ́rin bá lo ọdún kan sí i nílé ìwé, ohun tí yóò dínkù láàárín wọn fi díẹ̀ lé ní ọmọ kan. Mo rántí alẹ́ tí mo ka iye yẹn. Mo ronú kan àwọn àbúrò ìyá mi obìnrin, mo tò wọ́n lọ́kàn mi gẹ́gẹ́ bí ìwé tí wọ́n kà ṣe jìn tó, mo sì rí i pé ìṣirò náà mọ ilé wa.

Ṣáájú ìyẹn ni àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé ìbéèrè kiri. Ní March 2006, ìjọba gbà wá síṣẹ́ ìkànìyàn. Ọjọ́ 21 ló bẹ̀rẹ̀. Ìgboro Àkúrẹ́ dá, nítorí wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé. Wọ́n pín mi sí ọ̀nà Oda. A ti kọ́kọ́ lọ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri, bàbá kan sì fi omi fọ ti ilé rẹ̀ kúrò lójú mi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn tí wọ́n wá kọ nǹkan sílẹ̀ nílé bàbá òun, owó orí ni wọ́n padà wá gbà. Ní ilé tí ó tẹ̀lé e, ìyá àgbà kan dá mi lóhùn pé, "A kì í ka ọmọ f'ólọ́mọ." Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé òfin ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má kà wọ́n fún mi, kí wọ́n kàn máa pe orúkọ wọn, èmi ni n ó máa fa ilà. Wọ́n pe orúkọ mọ́kànlá pẹ̀lú oríkì wọn, mo fa ilà mọ́kànlá. Nínú 3,460,877 tí ìjọba kéde fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó lẹ́yìn náà, mọ́kànlá yẹn wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí ó ṣòro jù kò sí nínú ti 2006 fún mi. Inú ìwádìí ìlera tí a ṣe lẹ́yìn náà ni mo ti bá a pàdé, lọ́nà Oda yìí kan náà. Ìyá kan ń sá kòkó lórí tapólì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u jáde nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fi bò ó, òórùn rẹ̀ kan bí ọtí kíkan, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rò ó kí ó lè gbẹ dọ́gba. Mo jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ń bi í, ó ń dá mi lóhùn láìdúró. Mo dé orí ìbéèrè náà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ ti bí ọmọ kan rí tí ó wáyé láàyè, tí ó sì padà lọ?"

"Rárá o."

Ìwé ìbéèrè kò gbà kí a gba 'rárá' lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí a tún béèrè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ kà á: ọmọ tí ó ké, tàbí tí ó mí, bí kò tilẹ̀ lò ju wákàtí díẹ̀ lọ ńkọ́? Mo kà á. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú kòkó.

"Méjì," ó wí. "Mo rò pé àwọn tí a sọ lórúkọ lẹ ń béèrè."

Àfi ẹni tí ó bá jẹ́ Yorùbá ni yóò mọ ohun tí ó sọ. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọmọ lórúkọ. Ọmọ tí ó lọ ní ọjọ́ kẹta tàbí ọjọ́ karùn-ún kò ní orúkọ, ẹbí kì í dárúkọ ohun tí kò lórúkọ, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ gbàgbé, kí ó fi ojú sí ọ̀nà iwájú. Bẹ́ẹ̀ ìwé tó wà lọ́wọ́ mi ní àyè fún orúkọ, kò sì yẹ kí àyè náà ṣófo. A ti kọ́ wa pé kí a kọ 'Ọmọ' síbẹ̀. Mo kọ Ọmọ, mo tún kọ Ọmọ. Ọkùnrin, ọjọ́ karùn-ún. Obìnrin, ọjọ́ kan.

Nígbà tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí, iye báyìí ló kú kí ó tó pé ọdún kan, ibi tí iye náà ti ń wá nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú kòkó ló ti ń wá.

Ó bi mí kí n tó dìde: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?" Mo sọ fún un pé kí ìjọba lè mọ ibi tí wọn yóò fi ilé ìwòsàn sí ni, kí irú rẹ̀ lè dínkù. Ó ní, "Ṣé ẹ ó padà wá sọ fún mi?" Mo ní a ó padà wá. A kò padà lọ.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà já sí asán. Èmi kì í gbà fún ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2009, nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímìkò, dókítà, ọmọ ìlú Oǹdó, di gómìnà, iye tí a ti kó jọ fi hàn pé ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ abiyamọ kò dára rárá ní ìpínlẹ̀ wa. Ó lè bo iye yẹn mọ́lẹ̀. Kò bò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo, kí ó tó gbé e káàkiri. Wọ́n pín aboyún fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń gun alùpùpù, wọ́n fún aboyún ní fóònù tí yóò fi pè wọ́n láìsan owó. Wọ́n jókòó ronú nípa ohun tí ń fa ìdádúró. Nílé, wọ́n ń dúró de ọkọ tàbí de owó. Lójú ọ̀nà, mọ́tò kò sí. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kò sí tàbí ẹ̀jẹ̀ kò sí. Bí ọ̀ràn bá sì ju ilé ìwòsàn kékeré lọ, gbígbé aboyún lọ sí ńlá tún di ìdádúró kẹrin. Ní 2010, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́, ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, àwọn aboyún sì ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti ìlú Oǹdó.

Èyí tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òfin tí wọ́n ṣe ní 2010. Òfin náà ní obìnrin kankan kò gbọdọ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀ kí wọ́n má fi tó ìjọba létí. Wọ́n á jókòó lórí ọ̀rọ̀ ikú náà ní ìkọ̀kọ̀, láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, láti mọ ohun tí ó pa á. Ẹ rò ó wò. Láyé àwọn ìyá wa, bí obìnrin bá kú sórí ìkúnlẹ̀, wọ́n á ní àkọsílẹ̀ orí ni, wọ́n á gbé e sin. Òfin yìí ní rárá, ẹ wá jókòó, ẹ sọ fún wa: aago mélòó ló dé? Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni kò sí? Bí ẹni bá bi mí pé kí ni à ń pè ní ìjọba tí ń fi ẹ̀rí ṣiṣẹ́, n kò ní tọ́ka sí yunifásítì kankan, òfin yẹn ni n ó tọ́ka sí. Ní 2014, nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ṣì ń bímọ lọ́dọ̀ ìyá agbẹ̀bí àti ní ilé àdúrà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Agbẹ̀bíyè. Wọn kò lé ìyá agbẹ̀bí kiri. Wọ́n ń fún un lówó fún aboyún kọ̀ọ̀kan tí ó bá mú wá sílé ìwòsàn, wọ́n sì kọ́ ọ níṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Ìdánwò kan tún wà tí ó gba ọwọ́ ẹgbẹ́ wa kọjá, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú kò gbọ́ nípa rẹ̀. Báńkì Àgbáyé àti ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ìwòsàn kéékèèké yóò ṣe dáadáa sí i bí wọ́n bá ń san owó fún wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe: iye fún ìgbẹ̀bí kọ̀ọ̀kan, iye fún ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ pé. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n mú, Adámáwá, Nasarawa àti Oǹdó. Ní tiwa, ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò sí, ní ìparí 2011. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ́ gègé fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yòókù. Ibi tí gègé mú ń gba owó-iṣẹ́ yìí. Ibi tí kò mú ń gba ìdajì irú owó bẹ́ẹ̀ lásán, kí wọ́n fi ṣe ohun tí ilé ìwòsàn wọn nílò, láìso ó mọ́ iye iṣẹ́. Wọ́n sì fi gbogbo wọn wé ìpínlẹ̀ mìíràn tí kò gba nǹkan kan. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ bínú. Ẹnìkan bi wá pé, ṣé tẹ́tẹ́ lẹ fi ìlera àwọn ènìyàn mi ta ni? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀, a sì jókòó dá a lóhùn dáadáa: bí ó bá jẹ́ alágbára ló yàn fún ara rẹ̀, a kò ní mọ̀ láé bóyá owó ló ṣiṣẹ́ tàbí agbára.

Èsì rẹ̀ jáde. Ibi tí wọ́n ti gba owó ṣe dáadáa ju ibi tí wọn kò ti gbà. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ń gba owó-iṣẹ́ àti àwọn tí ń gba ìdajì lásán, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan lórí ọ̀pọ̀ ohun tí a wọ̀n. Ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Kò ya mátíróònù kan lẹ́nu ní abúlé kan lẹ́bàá Oǹdó, tí mo bá pàdé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó ka ohun tí ó fi owó àkọ́kọ́ rà fún mi: ibọ̀wọ́, epo jẹnẹrétọ̀, kápẹ́ńtà tí ó kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àti aṣọ ìkélé fún fèrèsé yàrá ìgbẹ̀bí. Ó fi ìka lé aṣọ ìkélé náà. Ó ní àwọn obìnrin abúlé náà kì í fẹ́ wá tẹ́lẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń yọjú láti ojú fèrèsé. Ìwé ìbéèrè mi ní àyè fún oògùn, fún iná, fún omi, fún iye òṣìṣẹ́. Kò ní àyè fún ìkélé. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Nígbà tí wọ́n fún Abhijit Banerjee, Esther Duflo àti Michael Kremer ní ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2019, nítorí irú ìdánwò onígègé yìí, àwa kan láti Àkúrẹ́ àti Oǹdó pe ara wa lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú wa dùn bí ẹni pé ara ilé wa ni.

Ohun tí ó bà wá nínú jẹ́ pọ̀ pẹ̀lú, mo sì ní láti sọ ọ́. A ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan tí ó ní kí a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, kí a kọ iye tí ó bá wù wá, nítorí owó ọkọ̀ kò dé. Àwọn kan nínú wa kọ ọ́. Irọ́ tí ó bá ti wọ inú ìwé ìṣirò, kò sí ẹni tí ó lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Ó ti di iye, ó ti di ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ti fi pín owó oògùn. Lẹ́yìn tí ìjọba yípadà ní 2017, owó padà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ, bí ẹni pé gbogbo ohun tí a ti kọ nípa aboyún tí ń jókòó sílé nítorí owó kò sí ní ọ́fíìsì ìjọba kankan ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Ẹ̀rí kì í dá rìn, ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ máa gbé e. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìbá sì gbé e ló ti lọ sí Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Washington, nítorí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta kò lè sanwó ilé. N kò bá wọn wí. Ìwé tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ìyá tó wà lọ́nà Oda kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, gbèsè la jẹ. Ìyá wa dáhùn ní 1986 kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ bóyá a ó yè. Àwa náà wá lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹlòmíràn, a sì fi ìdáhùn wọn gba oyè, a fi gba iṣẹ́, a fi kọ́lé. Kí èsì ìwádìí kankan tó kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí Àbújá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kà á lédè Yorùbá fún àwọn tí ó dáhùn, ní iwájú hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, ní ọjà, ní ààfin, kí wọ́n lè sọ ibi tí a ti ṣìnà. Ẹni tí ó bá wà lókè òkun, kí ó fi sínú owó iṣẹ́ tí ó ń kọ lẹ́tà fún: ọjọ́ méjì fún pípadà lọ sọ fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìjọba, ẹ má dúró kí ìwádìí bá ohun tí ẹ fẹ́ mu kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a ka ara wa. Láti 2006 tí mo ti fa ilà mọ́kànlá yẹn, Nàìjíríà kò tíì ka ènìyàn mọ́. Ti 2023 tí wọ́n ti múra rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sún un síwájú. Iye tí à ń fi pín abẹ́rẹ́, ilé ìwé àti owó, a kàn ń fi iye ti 2006 bù ú ni. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́nà Oda lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ìparí ìkànìyàn 2006 ti pé ọdún méjìdínlógún kí ìdìbò gómìnà 16 November 2024 tó dé. Ó ti tó dìbò, ìkànìyàn kankan kò sì tíì kà á.